Ẹ̀gbẹ́ mélòó ló ti wà lọ́wọ́? Ìdáhùn fún tíṣà kan ní Iléṣà lórí onígun mẹ́ta ọgbọọgba

Ìbéèrè yìí wá láti ọ̀dọ̀ tíṣà kan ní Iléṣà:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo ń ṣe lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ fún àwọn ọmọ SS2 ní Ìsọ̀kùn, nílùú Iléṣà. Gbogbo wọn ló mọ SSS, SAS, ASA, AAS àti RHS lórí bí ẹni ń ka ABD. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní kí wọ́n fi hàn pé onígun mẹ́ta méjì jẹ́ ọgbọọgba, èyí tó bá ṣáà ti wá sí wọn lọ́kàn ni wọ́n máa ń kọ. Ọ̀kan nínú wọn tún bi mí pé kí ló dé tí SSA kò sí nínú wọn, mi ò sì rí àlàyé tó tẹ́ ẹ lọ́rùn ṣe. Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo lèèyàn ṣe ń mọ èyí tó yẹ kó lò?"

Tíṣà wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Láti Ilé-Ifẹ̀ níbí ni mo ti ń dá yín lóhùn. Fún ẹni tí kò sí ní kíláàsì wa: onígun mẹ́ta méjì jẹ́ ọgbọọgba (congruent) tí ìrísí àti ìwọ̀n wọn bá dọ́gba pátápátá. Nínú àwọn lẹ́tà yẹn, S ni ẹ̀gbẹ́, A ni igun, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra lára onígun mẹ́ta la sì ń tò wọ́n; RHS ni igun 90° (R), ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí i (H) àti ẹ̀gbẹ́ kan mìíràn (S). Ọmọ tó béèrè nípa SSA yẹn, ẹ bá mi kí i dáadáa. Ìbéèrè tirẹ̀ àti tiyín kò jìnnà síra. Ẹni tó bá mọ ohun tó ba SSA jẹ́ ti mọ ohun tó yẹ kó máa wò nígbà tó bá fẹ́ yan ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú tiyín ná.

Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé a kì í yan ọ̀nà rárá. Ohun tí ìbéèrè bá fi lé wa lọ́wọ́ ló ń yàn án. Ọmọ tó bá ti ń rò ó pé "ṣé SAS ni àbí ASA?" kó tó wo àwòrán ti kẹ̀yìn sí ibi tí ìdáhùn wà. Ẹyọ ìbéèrè kan ló yẹ kó bi ara rẹ̀: ẹ̀gbẹ́ mélòó ni mo ti mọ̀ pé ó dọ́gba? Ẹ̀gbẹ́ ni kó kà, kó fi igun sílẹ̀ ná. Tó bá jẹ́ mẹ́ta, ó ti parí, SSS ni. Tó bá jẹ́ méjì, ó kù kó wo ibi tí igun rẹ̀ wà. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, igun méjì ni yóò wá kún un. Tí kò bá sí ẹ̀gbẹ́ kankan lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì lè fi ohunkóhun hàn, kó lọ wá ẹ̀gbẹ́ kan ná. Igun mẹ́ta tó dọ́gba kò lè ṣe é láéláé: wọ́n á sọ fún wa pé onígun mẹ́ta méjèèjì jọra, ṣùgbọ́n ọ̀kan lè kéré bí àtẹ́lẹwọ́, kí èkejì tó pápá bọ́ọ̀lù.

Ṣùgbọ́n kò lè kà á dáadáa láì sàmì sí àwòrán. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ fi bírò sàmì sí ohun tí ìbéèrè sọ, kí wọ́n wá fi pẹ́ńsù sàmì sí ohun tí ìbéèrè kò sọ ṣùgbọ́n tó jẹ́ òótọ́. Ti pẹ́ńsù yìí ni wọ́n máa ń gbójú fò. Ẹ̀gbẹ́ tí onígun mẹ́ta méjèèjì jọ ń lò dọ́gba pẹ̀lú ara rẹ̀, ìbéèrè kì í sì í sábà sọ ọ́. Igun tí wọ́n jọ ń lò náà bẹ́ẹ̀. Níbi tí ìlà méjì bá ti ré ara wọn kọjá, àwọn igun tó dojú kọra dọ́gba. Tí ìlà méjì bá jẹ́ parallel, ìyẹn àwọn tí kò lè pàdé láéláé, tí ìlà kẹta wá gé wọn kọjá, àwọn igun méjì tó wà ní kọ̀rọ̀ Z dọ́gba. Nínú róbótó, èyí tí a ń pè ní circle ní kíláàsì, gbogbo radius, ìyẹn ìlà láti àárín dé etí rẹ̀, ló gùn bákan náà. Ibi tí wọ́n bá ti sọ fún wa pé M wà ní agbedeméjì AB, ẹ̀gbẹ́ méjì ti dọ́gba nìyẹn, AM àti MB. Nígbà tí ọmọ bá sọ fún yín pé "méjì péré ni mo rí, sà, mi ò rí ìkẹta", ẹ ní kó mú pẹ́ńsù. Ìkẹta sábà máa ń wà nínú àwọn tí mo kà sílẹ̀ wọ̀nyí.

Ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Férémù onígun mẹ́ta tí a fi igi mẹ́ta kàn kò ṣeé tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Férémù onígun mẹ́rin ṣeé tì, àfi tí káfíńtà bá fi igi kan dábùú rẹ̀ láti kọ̀rọ̀ dé kọ̀rọ̀. Gígùn ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ti so igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́lẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n fẹ́ yí sí.

Ẹ̀gbẹ́ méjì ni ọ̀rọ̀ wà. Tí igun tí a mọ̀ bá wà láàárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, níbi tí wọ́n gbé pàdé gan-an, SAS nìyẹn. Òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Nínú ìwé kìíní iṣẹ́ Euclid, onímọ̀ jẹ́ómẹ́tírì tó ṣiṣẹ́ ní Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Kristi, SAS ló wà ní nọ́ńbà 4. SSS wà ní nọ́ńbà 8, ASA àti AAS sì jọ wà ní nọ́ńbà 26. Ọ̀nà tí Euclid gbà fi SAS hàn ni pé ká gbé onígun mẹ́ta kan lé èkejì lórí: igun á bọ́ sórí igun, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á bọ́ sórí ẹlẹgbẹ́ wọn, ẹ̀gbẹ́ kẹta kò sì ní ibòmíràn tó máa gbà. Àwọn onímọ̀ ṣe àríyànjiyàn lórí gbígbé-lé-orí yìí, pé kò sí ohun tó ti sọ tẹ́lẹ̀ tó fún un láṣẹ láti gbé àwòrán kiri. Nígbà tí David Hilbert ní Jámánì tún ìpìlẹ̀ jẹ́ómẹ́tírì tò lọ́dún 1899, ó fi ohun tó wà nídìí SAS sí ara àwọn ohun tí a gbà láì béèrè ẹ̀rí. Nítorí náà, bí ọmọ kan bá bi yín pé ta ló fi ẹ̀rí SAS hàn, ìbéèrè àgbà ló béèrè. Ẹ má fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Ó wá kan SSA. Tí igun kò bá sí láàárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ńkọ́? Ẹ má fẹnu ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yà á fúnra wọn, kí ojú wọn rí i. Kí kálukú ya ìlà gbọọrọ kan sínú ìwé, kó fi A sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láti A, kó fi protractor ya ìlà kejì tó ṣe igun 30° pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, kó wọn 8 cm lórí ìlà kejì yìí, kó fi B síbẹ̀. Kó wá ṣí kọ́ńpáàsì sí 5 cm, kó fi ẹnu mímú rẹ̀ gún B, kó yí i. Ẹnu pẹ́ńsù yóò gé ìlà àkọ́kọ́ níbi méjì. Ọ̀kan yóò jìnnà sí A ní nǹkan bí 3.9 cm, èkejì ní nǹkan bí 9.9 cm. Onígun mẹ́ta méjì ló jáde yẹn. Àwọn méjèèjì ní igun 30° ní A. Àwọn méjèèjì ní ẹ̀gbẹ́ 8 cm, wọ́n sì ní ẹ̀gbẹ́ 5 cm. Ṣùgbọ́n ọ̀kan gùn gbọọrọ, èkejì sì rí kúńtá. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya méjèèjì kò tún ní béèrè lọ́wọ́ yín mọ́ pé kí ló dé tí SSA kò sí nínú wọn.

Ẹ má dúró síbẹ̀ o, nítorí ibẹ̀ gan-an ló ti ń dùn. Ẹ ní kí wọ́n wọn bí B ṣe ga sí ìlà àkọ́kọ́, lójú òṣùwọ̀n 90°. Yóò jẹ́ 4 cm. Ẹ wá jẹ́ kí wọ́n máa yí ẹnu kọ́ńpáàsì padà. Ní 3 cm, kò ní kan ìlà rárá, kò sí onígun mẹ́ta kankan. Ní 4 cm, yóò fara kan ìlà níbi kan ṣoṣo, yóò sì ṣe igun 90° níbẹ̀. Láti ibi tó bá ti lé ní 4 títí di ibi tí kò tíì tó 8, ibi méjì ni yóò ti máa gé e. Tó bá wá di 8 cm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹyọ kan ṣoṣo ni yóò ṣẹ́ kù, nítorí èkejì ti bọ́ sórí A fúnra rẹ̀ tàbí ó ti kọjá sẹ́yìn A. Ìyẹn ni pé SSA kì í ṣe irọ́ pátápátá. Bí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí igun náà kò bá kéré sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹyọ kan ni yóò jáde. Ìgbà tó bá kéré ni wàhálà máa ń dé.

Ibẹ̀ ni RHS ti wá. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí igun 90° ló máa ń gùn jù nínú onígun mẹ́ta, kò lè kéré sí ẹ̀gbẹ́ kejì láéláé. Nítorí náà wàhálà yẹn kò lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. RHS ni SSA tó yege, òun nìkan ni wọ́n sì fún ní orúkọ nínú ìwé kíláàsì. Mo ti rí ìwé tó to márààrún sílẹ̀ bí ẹni pé RHS kò bá àwọn yòókù tan, ó sì dùn mí, nítorí ọmọ kò ní mọ ìdí tó fi wà níbẹ̀.

Àṣìṣe kan wà tí ẹ máa rí lọ́pọ̀ ìgbà lórí RHS yìí. Bí ọmọ bá ti rí 90° báyìí, RHS ni yóò kọ. Ẹ ní kó dúró. Kó wo ẹ̀gbẹ́ méjì tó ní lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ pé àwọn gan-an ló pàdé ní igun 90° náà, igun ti wà láàárín nìyẹn, SAS ni, 90° kò yí ohunkóhun padà. RHS ń béèrè pé kí ọ̀kan nínú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jẹ́ èyí tó kọjú sí 90°.

Ẹ̀gbẹ́ ẹyọ kan àti igun méjì: ASA tàbí AAS. Mi ò ní bá ọmọ jà lórí ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì. Àpapọ̀ igun onígun mẹ́ta jẹ́ 180°, ẹni tó bá ti mọ méjì ti mọ ìkẹta, AAS sì lè di ASA ní ìlà kan péré. Kó kọ èyí tó bá àwòrán rẹ̀ mu. Ohun tí mo máa ń bá wọn jà lé lórí ni ipò ẹ̀gbẹ́ náà. Ẹ fún wọn ní onígun mẹ́ta méjì tí igun kálukú wọn jẹ́ 40°, 60° àti 80°. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ 7 cm kọjú sí 40°. Nínú ìkejì, ẹ̀gbẹ́ 7 cm kọjú sí 60°. Igun dọ́gba, ẹ̀gbẹ́ 7 cm wà nínú méjèèjì, ọ̀pọ̀ ọmọ á sì yára kọ AAS. Irọ́ ni. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí igun tó kéré jù ló máa ń kúrú jù. 7 cm ló kúrú jù nínú ti àkọ́kọ́, nígbà tó jẹ́ pé nínú ìkejì, ẹ̀gbẹ́ kan ṣì wà tó kúrú sí i. Ti àkọ́kọ́ tóbi ju ìkejì lọ. Kí ọmọ tó kọ AAS, kó bi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ léèrè pé, "igun wo lo kọjú sí níhìn-ín, igun wo lo kọjú sí lọ́hùn-ún?"

Mo ní ọ̀kan tó máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu. Ẹ bi wọ́n pé, bí nǹkan márùn-ún nínú mẹ́fà tó wà lára onígun mẹ́ta bá dọ́gba, ṣé onígun mẹ́ta méjèèjì kò tíì jẹ́ ọgbọọgba? Gbogbo wọn á pariwo pé wọ́n ti jẹ́ ẹ. Ẹ wá kọ èyí sójú pátákó: onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 8, 12 àti 18, àti ìkejì tí tirẹ̀ jẹ́ 12, 18 àti 27. Ẹ fi 1.5 sọ ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́ di púpọ̀, ti ìkejì ló jáde yẹn, nítorí náà igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Ẹ̀gbẹ́ 12 wà nínú méjèèjì, 18 náà wà nínú méjèèjì. Nǹkan márùn-ún ló dọ́gba, síbẹ̀ wọn kì í ṣe ọgbọọgba, nítorí 12 kọjú sí igun kan níhìn-ín, ó kọjú sí òmíràn lọ́hùn-ún. Iye nìkan kò tó. Ipò ni kí wọ́n máa wò.

Nítorí èyí ni mi ò ṣe ń fojú kékeré wo bí wọ́n ṣe ń to lẹ́tà. Tí wọ́n bá kọ ΔABC ≡ ΔDEF, wọ́n ti sọ pé A bá D mu, B bá E, C bá F. Ẹni tó bá kọ ọ́ gátagàta ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, bí ìdí rẹ̀ tiẹ̀ tọ́.

Ẹ ó rí i pé mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ohun tí wọ́n fún wa nìkan ló ṣe pàtàkì. Ohun tí wọ́n ní ká fi hàn náà ní agbára tirẹ̀: ó ń sọ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ lò. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù lórí èyí wà nínú iṣẹ́ SS2 fúnra rẹ̀. Ẹ ya róbótó kan tí O wà láàárín rẹ̀, ẹ ya chord AB, ìyẹn ìlà tó so ibi méjì pọ̀ lórí etí róbótó, kí ìlà kan ti O wá kan AB ní M. Ẹ ya àwòrán yìí lẹ́ẹ̀mejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lábẹ́ ti àkọ́kọ́, ẹ kọ ọ́ pé OM ṣe 90° pẹ̀lú AB, kí wọ́n fi hàn pé AM = MB. Lábẹ́ ìkejì, ẹ kọ ọ́ pé AM = MB, kí wọ́n fi hàn pé OM ṣe 90° pẹ̀lú AB. Àwòrán kan náà ni, onígun mẹ́ta kan náà ni, OAM àti OBM. Radius ni OA àti OB, wọ́n dọ́gba. OM wà nínú méjèèjì. Ẹ̀gbẹ́ méjì ti wà lọ́wọ́ nínú ìbéèrè méjèèjì láì tíì ka ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nínú ti àkọ́kọ́, ohun kẹta ni 90° ní M. Kò sí láàárín OA àti OM, OA ló kọjú sí i. RHS. Nínú ìkejì, ohun kẹta ni AM = MB, ẹ̀gbẹ́ ti di mẹ́ta. SSS. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sọ pé igun méjèèjì ní M dọ́gba, wọ́n sì wà lórí ìlà kan, àpapọ̀ wọn jẹ́ 180°, nítorí náà 90° ni kálukú. Ọmọ tó bá kọ RHS sábẹ́ ìkejì ti lo 90° tí wọ́n ní kó fi hàn. Ọmọ tó bá kọ SSS sábẹ́ ti àkọ́kọ́ ti lo AM = MB tí wọ́n ní kó fi hàn. Ẹni tó ń máàkì yóò rí i lójú ẹsẹ̀. Ọmọ kan lè sọ fún yín pé, nínú ti àkọ́kọ́, òun mọ̀ pé OAB jẹ́ onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjì dọ́gba, nítorí náà igun A dọ́gba pẹ̀lú igun B, òun sì fẹ́ lo AAS. Ó tọ́, ẹ fún un ní máàkì rẹ̀. Èmi á ṣáà yan RHS, nítorí kò ní kí n lọ yá òfin mìíràn wá. Bí ọ̀nà méjì bá tọ́, èyí tó yá nǹkan díẹ̀ ni mo máa ń gbà.

Òfin tó yá yẹn, pé bí AB = AC, igun B àti igun C dọ́gba, ẹ lè fi òun náà kọ́ wọn ní ohun kan. Láti A, kí ọmọ ya ìlà kan wá sí D lórí BC. Irú ìlà wo? Tó bá sọ pé òun pín igun A sí méjì dọ́gba, ẹ̀gbẹ́ méjì àti igun àárín ló ní: SAS. Tó bá sọ pé D wà ní agbedeméjì BC, SSS ló ní. Tó bá sọ pé AD ṣe 90° pẹ̀lú BC, RHS ló ní. Gbogbo rẹ̀ ló tọ́. Ohun tí kò tọ́ ni kó ya ìlà kan, kó sọ pé ó pín igun A dọ́gba, ó sì tún ṣe 90° pẹ̀lú BC. Ẹyọ kan ló ní ẹ̀tọ́ láti yàn fún ìlà rẹ̀. Èkejì, àfi kó fi hàn. Ẹyọ tó bá yàn náà ló ń pinnu ọ̀nà tó máa kọ sábẹ́ rẹ̀.

Fún ọmọ tó bá já fáfá, ẹ fi ti Pappus hàn án, ọmọ Alẹkisáńdíríà lòun náà, ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn Euclid. Kò ya ìlà kankan. Ó fi onígun mẹ́ta ABC wé ara rẹ̀ ní ìyípadà, ìyẹn ACB. AB bá AC mu, AC bá AB mu, igun A sì wà láàárín nínú méjèèjì. SAS, igun B sì dọ́gba pẹ̀lú igun C. Àwọn ọmọ kan á kọ́kọ́ rò pé ẹ̀tàn ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e pẹ̀lú páálí, kí wọ́n yí i dojú dé, kí wọ́n gbé e lé ojú ibi tó ti kúrò.

Ìbéèrè tí onígun mẹ́ta méjì bá gbé wọnú ara wọn máa ń da ọ̀pọ̀ ọmọ láàmú. Bí àpẹẹrẹ, AB = AC, D wà lórí AB, E wà lórí AC, AD = AE, kí wọ́n fi hàn pé BE = CD. Ẹ ní kí wọ́n tún méjèèjì yà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ABE níhìn-ín, ACD lọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá ti yà wọ́n báyìí, igun A tí wọ́n jọ ń lò á hàn láàárín ẹ̀gbẹ́ méjì, SAS ló sì jáde.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ dán wò. Kí ọmọ tó kọ ohunkóhun sílẹ̀, ẹ ní kó fi Yorùbá sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tó jókòó tì í: "Ẹ̀gbẹ́ yìí dọ́gba nítorí pé àwọn méjèèjì jọ ń lò ó. Igun yìí dọ́gba nítorí pé ìlà méjì ló ré ara wọn kọjá níbẹ̀." Ní Ilé-Ifẹ̀ níbí ni iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ, ìṣirò náà kò gbẹ́yìn. Ọmọ tó bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí, òun ló mọ ohun tó ń kọ. Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́, lẹ́tà mẹ́ta ló kàn há sórí.

Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé wọn jáde kúrò nínú kíláàsì, ASA ni kí ẹ lò. Proclus, tó kọ àlàyé lórí Euclid, sọ pé Eudemus, òpìtàn ìṣirò nílẹ̀ Gíríìsì, gbà pé Thales, amòye Gíríìkì àtijọ́, ti ní láti mọ òfin yìí, nítorí bó ṣe ń ṣírò bí ọkọ̀ ojú omi ṣe jìnnà tó sí èbúté. Ẹ wá odò kékeré tó ní etí tó tẹ́jú. Kí ọmọ kan dúró sí ọ̀kánkán igi kan tó wà lódì kejì. Kó yí 90°, kó rin ogún ìṣísẹ̀ lẹ́bàá odò, kó ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀, kó tún rin ogún ìṣísẹ̀ mìíràn lórí ìlà kan náà. Kó wá tún yí 90°, kó kẹ̀yìn sí odò, kó máa rìn lọ, kó sì máa bojú wẹ̀yìn, títí tí ọ̀pá àti igi yóò fi wà lórí ìlà kan ṣoṣo lójú rẹ̀. Iye tó rìn kẹ́yìn yìí ni fífẹ̀ odò náà. Kí wọ́n sọ ìdí fún yín: 90° níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, ogún ìṣísẹ̀ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, igun méjì tó dojú kọra níbi ọ̀pá.

Fún lẹ́sìn tó ń bọ̀, ẹ fún wọn ní èyí. ABCD jẹ́ onígun mẹ́rin tí kò sí kọ̀rọ̀ rẹ̀ tó yí wọnú. AB = AD, igun ABC sì dọ́gba pẹ̀lú igun ADC. Kí wọ́n fi hàn pé BC = DC. Gbogbo wọn ló máa so A pọ̀ mọ́ C. Ẹ̀gbẹ́ méjì á wà lọ́wọ́ wọn, AB pẹ̀lú AD, àti AC tí wọ́n jọ ń lò. Igun wọn wà ní B àti D, kò sí láàárín, wọn kò sì sọ pé 90° ni. SSA ni wọ́n bá pàdé yẹn. Ẹni tó bá kọ ọ́ ti ṣubú. Ẹni tó bá dúró, tó mú pẹ́ńsù, tó so B pọ̀ mọ́ D, yóò rí i pé ẹ̀gbẹ́ méjì onígun mẹ́ta ABD dọ́gba, nítorí náà igun ABD àti ADB dọ́gba. Kó yọ wọ́n kúrò lára igun ńlá méjì tó dọ́gba tẹ́lẹ̀, igun CBD àti CDB yóò kù, àwọn náà dọ́gba, CB sì dọ́gba pẹ̀lú CD. Tó bá wá padà sí AC rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ló ní lọ́wọ́ báyìí, ABC àti ADC ti di ọgbọọgba pẹ̀lú SSS. Ẹ má tètè dárúkọ BD fún wọn o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá AC jìjàkadì ná.